Àárò Sertão nínú Orin Ìbílẹ̀ Bràsíl

Àárò sertão (ní èdè Pọtogí: saudade do sertão) jẹ́ kókó-ọ̀rọ̀ pàtàkì nínú orin ìbílẹ̀ àwọn ará Àríwá-Ìlà-Oòrùn orílẹ̀-èdè Bràsíl. Ó dá lórí bí ọkàn ẹni tí ó ṣí kúrò ní ìgbèríko ṣe ń fà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i: oko rẹ̀, odò rẹ̀, ẹran ọ̀sìn, ẹyẹ, àjọ̀dún àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Orin tí ó gbé kókó yìí dé gbogbo Bràsíl ni baião, èyí tí Luiz Gonzaga (1912–1989) àti àwọn akéwì tí ó bá a ṣiṣẹ́ sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 1946 síwájú.

Rio de Janeiro, tí ó jìnnà réré sí sertão, ni a ti gba ohùn àwọn tí ó lókìkí jù lọ nínú àwọn orin wọ̀nyí sílẹ̀. Àwọn tí ó ti kúrò nílé ni ó kọ wọ́n, àwọn tí ó ti kúrò nílé náà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi etí sí wọn. Nítorí náà, àárò inú wọn kì í ṣe ìrántí ayé àtijọ́ lásán. Ó ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí àtìpó máa ń bi ara rẹ̀: kí ni ó lé mi kúrò nílé, kí ni mo fi sílẹ̀, ṣé mo sì lè padà?

## Orúkọ àti ìtumọ̀

Sertão ni àwọn ará Bràsíl ń pe ilẹ̀ tí ó jìnnà sí etí òkun, pàápàá apá gbígbẹ ti Àríwá-Ìlà-Oòrùn, tí ó gba inú ìpínlẹ̀ bíi Pernambuco, Ceará, Paraíba, Piauí, Rio Grande do Norte àti Bahia kọjá. Ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní sertanejo.

Saudade ni ọ̀rọ̀ Pọtogí tí ó súnmọ́ àárò jù lọ. Yorùbá a máa sọ pé àárò ilé ń sọ òun, bí ẹni pé àárò ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, tí ènìyàn sì ń gbà á. Ará Bràsíl ní tirẹ̀ a máa sọ pé òun ní saudade, bí ẹni tí ó ní ohun ìní kan lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú àwọn orin náà: saudade jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbé dání, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa tọ́ ọ wò bóyá ó dùn tàbí ó korò.

## Ilẹ̀ tí orin náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Igbó tí ó bo púpọ̀ nínú sertão ni caatinga. Inú èdè Tupi, ọ̀kan lára àwọn èdè ọmọ onílẹ̀ Bràsíl, ni orúkọ yìí ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “igbó funfun”, nítorí pé ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ewé àwọn igi a rẹ̀ dànù, ẹ̀ka wọn a sì dàbí eérú. Igi juazeiro wà lára àwọn díẹ̀ tí ó sábà máa ń tutù yọ̀yọ̀ láàárín wọn. Mandacaru, igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ní ewé, máa ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ara rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbà pé nígbà tí ó bá yọ òdòdó, òjò kò ní pẹ́ dé.

Wíwo ojú ọ̀run jẹ́ apá kan àṣà ilẹ̀ náà. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú àjọ̀dún Lùsíà Mímọ́, tí í ṣe ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń to òkúta iyọ̀ mẹ́fà síta kí ìrì sẹ̀ sí wọn lára. Òkúta kọ̀ọ̀kan dúró fún oṣù kan, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹfà. Èyí tí ó bá yọ́ ni oṣù tí òjò yóò rọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá le koránkorán di àárọ̀, àmì ọ̀dá ni. Ọjọ́ ìrètí ìkẹyìn ni àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́, ọjọ́ 19 oṣù Kẹta. Bí òjò kò bá rọ̀ títí di ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ìdílé a gbà pé ọdún ti bàjẹ́.

Iṣẹ́ tí ó lọ́lá jù lọ nínú àwọn ìtàn sertão ni ti vaqueiro, darandaran tí ó ń gun ẹṣin lépa màlúù nínú igbó ẹ̀gún. Awọ ni ó ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ kí ẹ̀gún má bàa ya á lára. Ó máa ń fi orin kan tí kò ní ìlù, tí wọ́n ń pè ní aboio, ké sí àwọn ẹran rẹ̀. Ohùn gígùn ni, tí a ń fà lọ láìkánjú, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ohùn aboio yìí wà lára ohun tí baião jogún.

## Ọ̀dá àti ìṣílọ

Ọ̀dá òjò kì í ṣe àlejò ní sertão. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dá Ńlá, láti ọdún 1877 sí 1879, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa ebi àti àrùn, ó sì lé ọ̀pọ̀ mìíràn lọ sí etí òkun àti sí igbó Amazon, níbi tí wọ́n ti ń kọ rọ́bà. Ọ̀dá ọdún 1915 ni Rachel de Queiroz, ọmọ Ceará, fi ṣe kókó ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ O Quinze, tí ó jáde ní ọdún 1930. Ọ̀dá mìíràn tún mú ní ọdún 1932, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àti ní ọdún 1958. Ẹni tí ọ̀dá lé kúrò nílé ní orúkọ tirẹ̀: retirante.

Síbẹ̀, àìsí òjò nìkan kọ́ ni ó ń lé àwọn ènìyàn lọ. Ọwọ́ àwọn ìdílé díẹ̀ ni ilẹ̀ púpọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọn kò sì ní àká tàbí owó ìpamọ́ tí wọ́n lè fi rọ́jú kọjá ọdún kan tí kò sí ìkórè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní gúúsù-ìlà-oòrùn Bràsíl láàárín ọ̀rúndún ogún, São Paulo àti Rio de Janeiro di ibi tí wọ́n ń forí lé. Ọ̀pọ̀ wọn wọ pau de arara, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n to pákó sí lẹ́yìn fún ìjókòó, tí wọ́n sì fi aṣọ bò lórí. Orúkọ ọkọ̀ náà wá láti ara ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé ẹyẹ odídẹrẹ́ ńlá lọ sí ọjà.

Ní ìlú, àwọn ni ó ń kọ́ ilé gíga, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú rẹ̀. Láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn ará São Paulo kan ń pe gbogbo wọn ní baiano, àwọn ará Rio kan sì ń pè wọ́n ní paraíba, láìka ìpínlẹ̀ tí oníkálukú ti wá sí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ̀rọ̀ di ohun ẹ̀rín. Inú ipò yìí ni orin àárò ti di ohun tí ó ju ìtura lọ: ó jẹ́ ẹ̀rí pé ibi tí wọ́n ti wá ní orúkọ, ó sì ní ẹwà.

## Ṣáájú baião

Baião kọ́ ni orin àkọ́kọ́ tí ó sọ̀rọ̀ àárò ìgbèríko ní Bràsíl. Ní ọdún 1914, “Luar do Sertão” di mímọ̀ ní Rio de Janeiro. Catulo da Paixão Cearense ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà pé João Pernambuco, onígìtá, ní ọwọ́ nínú ohùn orin náà. Orin náà yin òṣùpá ìgbèríko ju ti ìlú lọ. Ní gúúsù-ìlà-oòrùn náà, àwọn àgbẹ̀ ní orin tiwọn, tí wọ́n ń pè ní música caipira, tí viola, gìtá olókùn mẹ́wàá, ń gbè.

Ohun tí baião mú wá yàtọ̀. Àwọn orin ìṣáájú máa ń yin ìgbèríko bí àwòrán tí a gbé kọ́ ògiri. Baião sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó dárúkọ odò àti ojú ọ̀nà, ó sì lo èdè Pọtogí gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ sertão ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

## Luiz Gonzaga

Wọ́n bí Luiz Gonzaga do Nascimento ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1912 ní àgbègbè Exu, ní ìpínlẹ̀ Pernambuco, ní ẹsẹ̀ òkè Araripe. Bí orúkọ ìlú náà tilẹ̀ jọ ti òrìṣà Èṣù, àlàyé tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan tí ó ti gbé àgbègbè náà rí. Luiz ni wọ́n sọ ọmọ náà nítorí pé ọjọ́ Lùsíà Mímọ́ ni wọ́n bí i. Januário bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, ó ń ta àkọ́díọ̀nù kékeré oníbáàsì mẹ́jọ ní òde àríyá, ó sì ń tún àwọn tí ó bá bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 1930, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín Gonzaga àti ẹbí ọmọbìnrin kan. Ó halẹ̀ mọ́ ọkùnrin pàtàkì kan nínú ẹbí náà. Àwọn òbí rẹ̀ nà án nítorí rẹ̀, ó sì sá kúrò nílé. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní Fortaleza, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1939. Lẹ́yìn náà ó dúró sí Rio de Janeiro, ó ń ta àkọ́díọ̀nù ní ilé ọtí. Orin tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ ni ó ń lù: waltz, tango àti foxtrot. Ìtàn tí ó máa ń sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n wá láti Ceará ni ó ní kí ó lu orin ilé fún àwọn. Nígbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ọtí náà kún. Ní ọdún 1941 ó lu “Vira e Mexe”, orin sertão, níbi ìdíje orí rédíò tí Ary Barroso ń darí, ó sì gba máàkì tí ó ga jù lọ. Ọdún yẹn kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwo orin sílẹ̀.

Ní ọdún 1946 ó padà sí Exu fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún. Inú ìrìn-àjò náà ni “Respeita Januário” (1950) ti jáde. Nínú orin yìí, ọmọ dé pẹ̀lú àkọ́díọ̀nù ńlá oníbáàsì 120, ó ń yangàn. Àwọn ará ilé sì rán an létí pé kí ó bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ àti báàsì mẹ́jọ rẹ̀. Ó wà lára àwọn orin díẹ̀ tí àtìpó ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹni ẹ̀rín, tí ó sì fi ìlú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí kò mọ ju ilé lọ.

Pedro Raimundo, aláàkọ́díọ̀nù láti gúúsù Bràsíl tí ó máa ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé, ni ó jẹ́ kí Gonzaga ronú nípa aṣọ tirẹ̀. Ó dé fìlà awọ bíi ti ọ̀daràn olókìkí nì, Lampião, ó sì wọ ẹ̀wù awọ ti vaqueiro. Ohun tí àwọn ará ìlú fi ń ṣẹ̀sín di aṣọ ọba: Ọba Baião ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú ní Recife ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1989. Exu ni wọ́n sin ín sí.

## “Asa Branca”

Orin tí ó lókìkí jù lọ nínú gbogbo wọn ni “Asa Branca”, tí Gonzaga àti Humberto Teixeira, agbẹjọ́rò tí wọ́n bí ní Iguatu ní Ceará, jọ kọ. Oṣù Kẹta ọdún 1947 ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni “Apá Funfun”, tí í ṣe ẹyẹlé igbó kan. Wọ́n ní ẹyẹ yìí wà lára àwọn tí ó máa ń kẹ́yìn kúrò ní sertão. Bí òun pàápàá bá fò lọ, ọ̀dá ti pé.

Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Ilẹ̀ ń jó bí iná àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, ohun ọ̀gbìn kò sí, ẹṣin kú nítorí òùngbẹ, ẹyẹ lọ, ọkùnrin náà sì dágbére fún Rosinha olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ṣèlérí pé nígbà tí ewéko bá tún tutù, òun yóò padà wá. Ìlérí yìí ni ọ̀pá tí ó gbé gbogbo orin náà ró. Òjò ni àdéhùn ìpadàbọ̀, òjò kò sì sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni. Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nínú “Asa Branca”, onílé fẹ́ relé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni ó ń wò.

Ní ọdún 1950 ni ìdáhùn rẹ̀ jáde, “A Volta da Asa Branca”, tí Gonzaga kọ pẹ̀lú Zé Dantas (1921–1962), dókítà agbẹ̀bí tí wọ́n bí ní Carnaíba ní Pernambuco. Òjò ti rọ̀, ẹyẹ ti padà, ọkùnrin náà sì ń gbèrò ìgbéyàwó bí ìkórè bá dára. Ọ̀rọ̀ “bí” yìí fi hàn pé ayọ̀ náà kò tíì dá ara rẹ̀ lójú.

## Àwọn àwòrán inú orin

Ẹyẹ pọ̀ nínú orin àárò sertão. Yàtọ̀ sí ẹyẹlé igbó, acauã ni ẹyẹ tí igbe rẹ̀ ń pe ọ̀dá, Zé Dantas sì kọ orin kan fún un. “Assum Preto” (1950), ti Gonzaga àti Teixeira, sọ nípa ẹyẹ dúdú kan tí wọ́n fọ́ lójú kí ó lè máa kọrin dáadáa. Kò sí nínú àgò, síbẹ̀ kò lè fò lọ sí ibì kankan. Olórin náà fi ara rẹ̀ wé e.

Odò ni àwòrán kejì. “Riacho do Navio” (1955), ti Zé Dantas àti Gonzaga, tẹ̀lé odò kékeré kan bí ó ti ń ṣàn wọ Pajeú, tí Pajeú wọ São Francisco, tí São Francisco sì wọ òkun. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ọmọ sertão ń gbà lọ sí etí òkun. Olórin náà wá ní bí òun bá jẹ́ ẹja, òun yóò lúwẹ̀ẹ́ gòkè lòdì sí omi, títí òun yóò fi dé odò kékeré tí òun ti wá.

Ojú ọ̀nà àti ẹsẹ̀ rínrìn ni ẹ̀kẹta. “Estrada de Canindé” (1950) yin ìrìn ẹsẹ̀ lábẹ́ òṣùpá. Tálákà tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, orin náà sọ, ń rí ohun tí olówó kò rí. Àìní kò parẹ́ nínú orin yìí, ṣùgbọ́n ó di ojú tí a fi ń ríran.

Oúnjẹ náà kò gbẹ́yìn. Nínú “Qui Nem Jiló” (1950), Gonzaga àti Teixeira pín àárò sí oríṣi méjì. Èyí tí ènìyàn ń rántí pẹ̀lú ìdánilójú pé òun yóò tún rí ẹni náà, ó dára. Èyí tí kò ní ìrètí nínú korò bíi jiló. Àwọn ọmọ Yorùbá mọ jiló dáadáa: ẹ̀yà ikàn ni, Áfíríkà sì ni irúgbìn rẹ̀ ti dé Bràsíl.

## Àárò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀hónú

Nígbà ọ̀dá ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn ará gúúsù Bràsíl kó owó àti oúnjẹ jọ fún àwọn ará Àríwá-Ìlà-Oòrùn. Gonzaga àti Zé Dantas fèsì pẹ̀lú “Vozes da Seca” (1953). Orin náà kọ́kọ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ọrẹ àánú tí a ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le yóò pa á nítorí ìtìjú, tàbí kí ó bà á jẹ́. Ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni iṣẹ́, ìdídò omi láti gbin nǹkan, àti oúnjẹ tí kò wọ́n. Àárò inú orin yìí kò béèrè pé kí ayé àtijọ́ padà. Ó béèrè pé kí ilé ṣeé gbé.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni “A Triste Partida” dúró sí, tí Gonzaga gbà sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ewì Patativa do Assaré ni. Orúkọ àbísọ akéwì yìí ni Antônio Gonçalves da Silva (1909–2002), àgbẹ̀ ní Assaré ní Ceará. Orin náà gùn, ó sì tẹ̀lé ìdílé kan láti oṣù dé oṣù. Òkúta iyọ̀ Lùsíà Mímọ́ kò yọ́. Ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ kọjá láìsí òjò. Bàbá ta ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú fún olówó. Wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọmọ ń sunkún nítorí ajá, ológbò àti òdòdó tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní São Paulo, bàbá ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó ń gbèrò láti padà, ṣùgbọ́n gbèsè kò jẹ́. “Asa Branca” ṣe ìlérí. “A Triste Partida” sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí náà nínú ayé ọ̀pọ̀ ìdílé.

## Ohun èlò àti ohùn orin

Ohun èlò mẹ́ta ni Gonzaga sọ di ìpìlẹ̀ baião, títí di òní sì ni wọ́n ń lò wọ́n:

- Sanfona, tí í ṣe àkọ́díọ̀nù, irú ohun èlò tí I. K. Dairo lò nínú orin jùjú. Ó ń gbé ohùn orin, ó sì ń dáhùn olórin.
- Zabumba, ìlù fífẹ̀ olójú méjì tí a ń gbé kọ́ èjìká. Ọ̀pá onírọ̀rí ni a fi ń lu ojú kan fún ohùn ìsàlẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń na ojú kejì.
- Triângulo, irin onígun mẹ́ta tí ó ń dún láìdákẹ́, tí ó sì ń mú kí ìlù má sáré, kí ó má sì fà.

Orúkọ baião ti wà ṣáájú Gonzaga. Àwọn akéwì alohùn sertão, tí wọ́n ń fi viola kọrin ìdíje, ní ohùn kúkúrú kan tí wọ́n ń ta láàárín ẹsẹ ewì kan àti òmíràn. Ohùn náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin náà, ohùn keje nínú àtẹ̀gùn ohùn máa ń rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára orin ìlú. Ìlù wọn sì ń múni jó. Èyí jẹ́ àbùdá pàtàkì: ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í dúró. Lónìí, forró ni orúkọ tí ó kó baião, xote, xaxado àti arrasta-pé pọ̀.

## Ibi tí àwọn àtìpó ń pàdé

Láti ọdún 1945 ni àwọn àtìpó ti ń pàdé ní São Cristóvão ní Rio de Janeiro, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já èrò sílẹ̀. Wọ́n ń ra ẹran gbígbẹ, wàràkàṣì àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, wọ́n ń gba ìròyìn ilé, wọ́n sì ń jó. Ìpàdé náà di ọjà ńlá. Ní ọdún 2003 ó wọ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n tún ṣe fún un, tí wọ́n sì fi orúkọ Luiz Gonzaga pè.

Àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ni àkókò tí ọ̀pọ̀ ń gbìyànjú láti padà sílé. Àsìkò ìkórè àgbàdo ni. Wọ́n ń dá iná síwájú ilé, wọ́n ń jẹ oúnjẹ àgbàdo, wọ́n sì ń jó forró di ojúmọ́. Àjọ̀dún ti Caruaru ní Pernambuco àti ti Campina Grande ní Paraíba ni ó tóbi jù lọ nínú wọn.

## Àríyànjiyàn

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba àwòrán sertão inú orin wọ̀nyí wọlé láìbéèrè. Òpìtàn Durval Muniz de Albuquerque Júnior, nínú ìwé rẹ̀ A Invenção do Nordeste (1999), sọ pé Àríwá-Ìlà-Oòrùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bràsíl ṣe mọ̀ ọ́n kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí. Ìwé, àwòrán, eré orí ìtàgé àti orin ni ó dá a sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, àárò sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n. Lójú rẹ̀, àwòrán ọ̀dá, ẹṣin àti ìgbàgbọ́ àtijọ́ lè ti ilẹ̀ náà mọ́ inú ìgbà tí ó ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, nítorí pé ìlú ńlá wà ní Àríwá-Ìlà-Oòrùn náà, sertão òní sì ní ojú ọ̀nà, iná mànàmáná àti yunifásítì. Síbẹ̀, àwọn orin fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ilé. Bí “Riacho do Navio” ti ń wá ìsinmi kúrò lọ́wọ́ ìròyìn ayé, bẹ́ẹ̀ ni “Vozes da Seca” ń bèèrè fún ìdídò àti iṣẹ́.

## Ipa àti ogún

Àwọn akọrin tí ó tẹ̀lé Gonzaga fẹ àárò náà lójú. Marinês (1935–2007) mú ohùn obìnrin wọ inú rẹ̀. Dominguinhos (1941–2013), ọmọ Garanhuns tí Gonzaga fún ní àkọ́díọ̀nù nígbà èwe rẹ̀, kọ “Lamento Sertanejo” pẹ̀lú Gilberto Gil, tí ó jáde ní ọdún 1975. Orin yìí gbé àárò kúrò lórí ilẹ̀, ó sì gbé e sínú ara: ọmọ sertão ní ìlú kò mọ ohun tí yóò sọ láàárín èrò, ó dàbí màlúù tí ó ti ya kúrò lára agbo.

Orin náà tún sin àwọn tí ọ̀dá kọ́ ni ó lé wọn. Nígbà tí ìjọba ológun Bràsíl lé Caetano Veloso kúrò nílùú, London ni ó wà nígbà tí ó gba “Asa Branca” sílẹ̀ fún àwo rẹ̀ ti ọdún 1971. Ìlérí tí ó gbẹ́kẹ̀ lé òjò wá di ìlérí tí ó gbẹ́kẹ̀ lé òmìnira, láìyí ọ̀rọ̀ orin náà padà.

Ní ọdún 2005, òfin sọ ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, ọjọ́ ìbí Gonzaga, di Ọjọ́ Forró ní gbogbo Bràsíl. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, IPHAN, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kọ orúkọ forró ìbílẹ̀ sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Ní Exu, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Parque Aza Branca, ilẹ̀ tí Gonzaga fúnra rẹ̀ padà wá gbé ní òpin ayé rẹ̀. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀, ti Januário àti ti ìyá rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ orin rẹ̀ ní São Paulo lónìí jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn kò rí ọ̀dá rí, àwọn mìíràn kò sì dé sertão rí, ṣùgbọ́n nínú orin ni wọ́n ti mọ orúkọ odò tí àwọn òbí wọn mu.